Ipò Kìíní Festus Ládòkun

Bí Ọlọ́run ṣe dá Festus Ládòkun, kò fi àyè ipò kejì sí i lára. Ẹ má bi mí léèrè ìdí. Ilé ìyá rẹ̀ kọjú sí ilé ìyá mi nílùú Ṣakí níbí, n kò sì tíì rí ọjọ́ kan tó dúró sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ń pín ẹran Iléyá, òun tí kì í ṣe Mùsùlùmí ni yóò kọ́kọ́ na àwo. Lọ́dún tí àwọn nọ́ọ̀sì wá gún gbogbo ìlú lábẹ́rẹ́, ìlà méjì ni wọ́n tò. Festus wo èyí tó kúrú, ó sáré bọ́ síwájú rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, wọ́n sì gún un. Ìgbà tó délé ni wọ́n tó sọ fún un pé ìlà àwọn aboyún ni. Ó ní kò burú, òun ṣáà lòun kọ́kọ́ gbà á.

Iṣẹ́ aago ló kọ́. Ó lo ọdún méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan n'Íbàdàn, ó padà dé lóṣù kẹrin ọdún 1979, ó gba ṣọ́ọ̀bù kan tó dojú kọ gáréèjì àwọn ọlọ́kọ̀ Ìṣẹ́yìn, ó sì so aago mẹ́ta mọ́ ọwọ́ òsì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sọ ohun kan náà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé èwo ni ká gbà gbọ́.

"Èyí tó wà níwájú ni, Ìyá Adékúnlé," ló dá mi lóhùn. "Àwọn méjì yòókù ṣì ń bọ̀."

Èmi ni Ìyá Adékúnlé náà. Mọ́ládé lorúkọ mi. Iwájú kóòtù ìbílẹ̀ ni mo gbé tápúráítà mi kalẹ̀ sí. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí káńsù, tàbí sí ọmọ yín tó wà n'Ílọrin, tàbí sí ọkọ tó lọ tí kò padà, ọ̀dọ̀ mi lẹ ó wá. Mo tètè sọ èyí nítorí àwọn kan nílùú ń sọ pé èmi ni mo ba ayé Festus jẹ́. Irọ́ ni. Ohun tí wọ́n bá ní kí n tẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀.

Ìṣòro Festus ni pé kò sẹ́ni tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lábẹ́ igi odán ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì yẹn kan náà ni Bàbá Àwáwù jókòó sí. Ràsáàkì ni wọ́n sọ bàbá náà, ó sì ti ń tún aago ṣe níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní pátákó. Tábìlì kan ló ní, àti awò ojú kan, àti igbá tó kún fún òkú aago. Bí ọmọdé ní aago tó àgbà, kò lè ní òkú aago tó àgbà. Àlejò á sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ìgbẹ́tì, eruku pupa á bò ó títí dé ìpéǹpéjú, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń tún aago ṣe níbí?" Agbérò á ní ọ̀dọ̀ Bàbá Àwáwù. Ẹlẹ́pà á ní ọ̀dọ̀ Bàbá Àwáwù. Ẹni tó ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ á fi ẹsẹ̀ júwe ọ̀dọ̀ Bàbá Àwáwù.

Festus ra mínírà fún agbérò pé kó máa kọ́kọ́ dárúkọ òun. Agbérò mu mínírà tán, àlejò dé, agbérò sì mú àdéhùn ṣẹ. Ó ní, "Festus wà lọ́hùn-ún o. Àmọ́ tó bá jẹ́ aago lẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ lọ bá Bàbá Àwáwù."

Ọdún yẹn náà ni ìlú parí gbọ̀ngàn tuntun. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi ra aago ńlá olójú mẹ́rin ránṣẹ́ kí wọ́n gbé e sórí ilé ìṣọ́ gbọ̀ngàn náà. Olóyè Ògúndìran ni olórí ìgbìmọ̀, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú aago ọ̀hún. Ọkàn Festus kò sí níbòmíràn mọ́. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé bí iṣu tuntun bá fi jáde tí ṣọ́ọ̀bù náà kò tíì mú nǹkan wá, kó padà wá mú ọkọ́. Festus mọ ohun tí iṣẹ́ oko jẹ́. Lóko, gbogbo èèyàn ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ pọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣáájú.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé fi dé láti Ìbàdàn lórí alùpùpù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì fẹ́ ṣe ìwé kan tí yóò kó orúkọ gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ Òkè-Ògùn jọ, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ìgbẹ́tì, kí àlejò má baà máa wá ẹni tí yóò bi léèrè. Ó ní ìwé náà yóò dé gbogbo gáréèjì, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Ó ní a, b, d ni òun yóò fi to orúkọ. Èmi ló gbé iṣẹ́ títẹ̀ ti Ṣakí fún. Bí mo bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ni wọn yóò ṣe gbé e síwèé.

Olóyè Ògúndìran gbọ́, ó ní ìjà lórí ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ pè fún iṣẹ́ aago ìlú dópin. Ó ní bí orúkọ àwọn oníṣẹ́ aago bá ṣe tò nínú ìwé náà ni ìgbìmọ̀ òun yóò ṣe máa pè wọ́n wọlé.

Bàbá Àwáwù ló kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Bàbá, kí ni orúkọ iṣẹ́ yín?"

"Aago."

"Orúkọ tí àwọn èèyàn yóò fi mọ̀ yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti mọ̀ mí."

Mo tẹ AAGO RASAKI. Bàbá dúpẹ́, ó lọ.

Ọjọ́ kejì ni Festus dé. Ó ní kí n tẹ "Ládòkun Ìgbàlódé." Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n L ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka lẹ́tà láti a, ó parí ìka ọwọ́, ó bọ́ bàtà. Ẹni kẹtàlá ni. Ó ní ká fi Adégbénró ṣáájú, orúkọ bàbá òun àgbà, A ni. Mo fi ìwé Bàbá Àwáwù hàn án.

"A méjì ni Bàbá fi bẹ̀rẹ̀," mo wí.

Ó wo ìwé náà títí. "Ta ló kọ́ Bàbá lọ́gbọ́n yìí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Aago ló ń tún ṣe."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Festus kò fi sùn dáadáa. Lọ́jọ́ kìíní, ó dé pẹ̀lú "Ààfin Aago." Mo bi í bóyá Kábíyèsí ti gbọ́ pé ààfin di méjì. Ó gbé e padà lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó mú "Àádọ́ta Aago" wá. Mo ní aago mélòó ló ní. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní mẹ́ta. Ó gbé ìyẹn náà lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti òkèèrè.

"Ààbò Aago," ló wí. "Ẹni tó bá gbé aago rẹ̀ fún mi, abẹ́ ààbò ló gbé e sí. A méjì, ó tún kan B. Kò sí ohun tó lè ṣáájú ẹ̀."

Kí n má purọ́, orúkọ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n mo mọ tápúráítà mi. Mo ní, "Festus, wo ẹ̀rọ yìí. Òyìnbó ló ṣe é. Kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì abẹ́ lẹ́tà. O tí a fi ń kọ oko àti ọ tí a fi ń kọ ọkọ, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Oṣù tó kọjá ni mo bá obìnrin kan kọ̀wé sí àwọn ẹbí rẹ̀ l'Ádó-Àwáyè pé kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́ lórí ọkọ òun. Àdá àti ọkọ́ ni wọ́n kó dé, wọ́n ní níbo ni igbó náà wà."

"Ti oko nìyẹn. Ta ni yóò rí ààbò tí yóò pè é ní nǹkan mìíràn?"

"Tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago..."

"Ìyá Adékúnlé, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn gba orúkọ náà mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Festus, ẹni iwájú tó bá jìn sí kòtò, ọgbọ́n ni fún ará ẹ̀yìn."

"Òun náà ló kọ́kọ́ débẹ̀," ni Festus wí.

Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ìwé jáde lóṣù kẹjọ. Ojú ewé kìíní, ìlà kìíní: AABO AAGO, F. LADOKUN, GAREJI ISEYIN, SAKI. Festus ra mẹ́wàá. Ó fi ọ̀kan sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù ní ṣíṣí sílẹ̀, ó mú ọ̀kan lọ fún bàbá rẹ̀ lóko, ó fi ọ̀kan han alága ìjọ wọn nígbà tí ìyẹn ń kéde ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó kọjá níwájú Bàbá Àwáwù lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá kí i lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Oníbàárà kìíní tí ìwé náà mú wá ni nọ́ọ̀sì kan láti Ìgbẹ́tì, Olúwakẹ́mi lorúkọ rẹ̀. Aago tó máa ń jí i fún iṣẹ́ ló gbé dání. Èmi náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù nítorí mo wá gba owó títẹ̀ mi.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ̀yin ni Ààbọ̀ Aago?"

Ẹ̀rín kú lójú Festus. "Ààbò ni, ma. Ààbò."

Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé tirẹ̀ wò. "Ààbọ̀ ni mo rí níbí. Aago kan ààbọ̀, aago méjì ààbọ̀. Àbí mo ṣì í kà?"

"Ààbò, bíi kí Ọlọ́run dáàbò bò wá."

"Àmín," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ má bínú, sà. Odindi ni mo fẹ́ kí wọ́n bá mi tún un ṣe. Ta ló ń ṣe odindi níbí?"

Kó tó dáhùn, agbérò ti fi ọ̀nà igi odán hàn án láti òdìkejì títì.

Ọjọ́ kejì, àgbẹ̀ kan dé láti Ìràwọ̀ pẹ̀lú aago ọwọ́ tí kò ní dígí, tí ọwọ́ rẹ̀ kan sì ti já. Ó ní òun mọ̀ pé kò pé, ìdí nìyẹn tí òun fi gbé e wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe ààbọ̀. Ó ní wọ́n kà á fún òun ní gáréèjì. Festus fẹ́ lé e, ṣùgbọ́n ebi kì í jẹ́ kí èèyàn lé oníbàárà. Ó tún un ṣe.

Ládánì mọ́sáláṣí àdúgbò ló tẹ̀ lé e. Òun àti ọkùnrin kan ló gbé aago ara ògiri dé. "Tó bá di aago mẹ́ta, á dún mẹ́ta," ni ládánì ṣàlàyé. "Tó bá di mẹ́rin, á dún mẹ́rin. Ààbọ̀ ni kì í dún mọ́. Bàbá Àwáwù ni à bá gbé e fún, àmọ́ a rí i nínú ìwé pé ẹ̀yin lẹ ni ti ààbọ̀."

Kí ni Festus yóò ṣe? Ó mọ ohun tó ṣe aago náà. Ó ṣe é ní wákàtí kan, ó sì ṣe é dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni aago mọ́sáláṣí ti ń lu ààbọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́, bó bá sì ti lù ú, ẹnì kan á ní, "Iṣẹ́ Festus nìyẹn."

Gbogbo èyí ṣì rọrùn. Ohun tó dùn mí fún un ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí aráyé máa ń sọ nípa àwọn tó ń tún aago ṣe, pé wọ́n máa ń yọ èyí tó dára nínú aago ẹni, wọn a fi èyí tí kò dára rọ́pò. Irọ́ ni tàbí òótọ́, n kò sí níbẹ̀. Àwọn aláwàdà gáréèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún èrò ọkọ̀ pé Festus kò fi tirẹ̀ bò, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ààbọ̀ aago ni yóò dá padà. Ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Àpọ́nlé gbé aago ọkọ rẹ̀ tó ti kú wá. Ó fa àpótí, ó jókòó, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì.

Festus ní, "Ìyá, ẹ máa lọ sílé, ẹ padà wá lọ́la."

"N ò níí lọ. Mo fẹ́ fojú mi rí ààbọ̀ tí o fẹ́ yọ."

"N kò ní yọ nǹkan kan, Ìyá."

"Kí lo wá kọ ọ́ sí fún?"

Àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ló fi jókòó. Ó gbé oúnjẹ wá.

Ìyẹn ló mú kí Festus pinnu láti ṣe pátákó. Ó pe Adéwùmí, ẹni tó máa ń kọ nǹkan sára ọkọ̀ akẹ́rù, ó ní kó kọ orúkọ náà gàdàgbà pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀, kí ojú gbogbo ayé là.

"Àmì wo ni kí n fi sí i?" ni Adéwùmí bi í.

"Gbogbo ẹ̀. Má ṣahun."

Adéwùmí kì í ṣahun. Ó fa àmì sórí A kìíní, ó fa òmíràn sórí ìkejì, ó fà sórí O. Ó sún sẹ́yìn wò ó, ó rí i pé ìsàlẹ̀ ṣófo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì kán ọ̀dà kan tó rí roboto sábẹ́ O náà. Ó kù díẹ̀ kó kán an sábẹ́ ti AAGO pẹ̀lú, ọ̀dà ló tán. Wọ́n gbé e kọ́. Festus ránṣẹ́ pè mí kí n wá wò ó. Pátákó náà tóbi débi pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré lè kà á: ÀÀBỌ̀ AAGO.

"Ìyá Adékúnlé, ẹ wò ó. Àmì ti pé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣì í kà báyìí."

Mo wò ó títí. "Festus," mo wí, "wọn ò lè ṣì í kà mọ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò ní ọkàn láti sọ ìyókù, ìpàdé ìgbìmọ̀ kù ọ̀la.

Èmi ni wọ́n ní kí n wá kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé náà, nítorí náà ojú mi ló ṣe. Festus wọ aṣọ kóòtù, ó ká apá rẹ̀ kan sókè kí aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè hàn. Bàbá Àwáwù jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀. Olóyè Ògúndìran ṣí ìwé.

"Ẹni kìíní. Ààbọ̀ Aago."

Festus dìde. "Ààbò ni, Olóyè."

"Mo rí pátákó rẹ bí mo ṣe ń bọ̀," ni Olóyè wí. "Mo ní kí dírẹ́bà dúró, mo sì kà á dáadáa. Àmì rẹ̀ pé. Jókòó. Aago tí a ní yìí, ojú mẹ́rin ló ní. Ṣé méjì lo fẹ́ máa tọ́jú?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, Olóyè. Odindi."

"Ó dára. Sọ fún wa, aago mélòó ló lù báyìí?"

Ìbéèrè tó rọrùn ni. Èmi náà wo aago tó wà lára ògiri níwájú mi: aago méjì ààbọ̀ géérégé. Festus wo ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wa ń wò ó. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà gòkè ọ̀fun, tí ó sì gbé e mì.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, Olóyè," ló wí.

Wọ́n fún un. Ẹnì kan wúkọ́. Ọwọ́ aago ara ògiri rìn díẹ̀, Festus sì mí kanlẹ̀.

"Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Olóyè Ògúndìran bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé bí ìlú á ṣe máa dúró nìyẹn, tí a bá fẹ́ mọ ohun tí aago wí?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì burú jù níbẹ̀. Wọ́n pe ẹni kejì. Bàbá Àwáwù dìde, wọ́n bi í léèrè kan náà. Bàbá kò wo nǹkan kan. Ó ní, "Méjì ààbọ̀ ti kọjá díẹ̀." Wọ́n ní òun ni wọ́n mú.

Mo yíjú sí Festus. Ó ń tú aago ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n sápò. Mo mọ̀ pé oko bàbá rẹ̀ ló ń wò níwájú, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an. Ìgbéraga kì í gba ni lọ́wọ́ ebi.

Bàbá Àwáwù kò tíì jókòó. "Mo dúpẹ́, Olóyè," ló wí. "Àmọ́ ẹsẹ̀ mi ò gba àkàbà ilé ìṣọ́ yẹn mọ́. Tó bá jẹ́ èmi lẹ fẹ́, ẹ fún mi ní ọmọ yìí kó máa bá mi gùn ún. Ó mọṣẹ́. Òun ló tún aago mọ́sáláṣí wa ṣe, ẹ̀yin náà sì ń gbọ́ bó ṣe ń dún."

Ìgbìmọ̀ fẹnu kò. Wọ́n bu owó oṣù lé iṣẹ́ náà fún àwọn méjèèjì, wọ́n ní kí n lọ tẹ ìwé ìgbanisíṣẹ́ wá. Festus tẹ̀ lé mi dé iwájú kóòtù, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fi apá aṣọ nu imú. Ó jókòó ti mí bí mo ṣe ń ki bébà bọnú ẹ̀rọ. Mo ń tẹ̀ ẹ́ bí Olóyè ṣe kà á sílẹ̀: Ràsáàkì ni Olùtọ́jú Aago Ìlú, Festus Ládòkun ni Igbákejì.

Mo rò pé yóò dúpẹ́ pé òun kò padà sóko mọ́. Àfi bí mo ṣe rí i tó ń fi ìka ka nǹkan.

"Ìyá Adékúnlé," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́. Olùtọ́jú, O ni. Igbákejì, I ni. Tí a bá fi a, b, d tò ó, ṣé kì í ṣe Igbákejì ló yẹ kó wà lókè?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo yọ bébà náà, mo ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlà kìíní: IGBAKEJI, F. LADOKUN. Ó gbà á, ó wò ó, ó ní mo ṣeun, pé ṣùgbọ́n kò sí àmì lórí rẹ̀ o, ṣé wọn ò ní ṣì í kà.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Bó ti wù kí èèyàn kà á, igbákejì náà ni.